Irin Tí Ọkọ Mi Gbé ti Àbíjánì Bọ̀

Ọdún tí ọkọ mi ti Àbíjánì dé, kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe abọ́ ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Irin ni. Mo ti gbálẹ̀, mo ti se ọbẹ̀, mo ti fọ́nnu yí gbogbo Masifa ìlú wa ká pé èrò Àbíjánì ń bọ̀. Ohun tí wọ́n wá bá mi wò ni àgbá irin kan tó tóbi ju ìkòkò aró lọ, ó la ẹnu gbàgà, ẹsẹ̀ irin méjì gbé e dúró, ó sì ti dípẹtà.

"Bàbá Bọ́látitó, kí lẹ gbé wá yìí?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Dúsúmáà," ó ní. Èdè Àbíjánì tó fi ń bẹ èèyàn pé kó ní sùúrù nìyẹn. "Bó bá yá, wàá rí i."

Kò yá. Dípò kó sọ̀rọ̀, ṣe ló ń lọ sódò láràárọ̀, tó ń ru yanrìn wá sẹ́yìn ilé, títí òkìtì náà fi ga tó mi léjìká. Inú bí mi. Ṣé alárùú yanrìn ni mo fi gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn retí? Bí òjò ti wọlé ni ibà gbé e dè, kò tíì mu àgbo kejì tán tó fi kú. Òjò ò dá lọ́jọ́ tí a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀, òkìtì yanrìn ẹ̀yìn ilé ni àwọn ọkùnrin bù bo ojú sàréè títí tó fi tán.

Ìgbà náà ni àwọn ará ìlú wá ń sọ̀rọ̀ wa. Wọ́n ní orí ọkọ mi ti dàrú kó tó ti Àbíjánì dé, pé ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò fi ọkọ̀ ru àgbá jíjẹrà kọjá Gáná? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, torí ìdílé tó fẹ́ fẹ́ Bọ́látitó ọmọ wa ní ìlú Ola ti ń wádìí wa. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wèrè wà nídìílé, ó parí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bàbá Sàídátù, ní kí n jẹ́ kí wọ́n ta irin náà fún àwọn tó ń ra ajákù, kójú má baà máa rí i. Mo ní rárá. N ó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ná.

Mo sì bèèrè títí orí tèmi náà fẹ́ dàrú. Bàbá Òkè alágbẹ̀dẹ ta epo pupa sí i, wọ́n ní ohun tó bá ti jẹ́ irin, ti Ògún ni. Rùkáyátù aláró ní ìkòkò aró òyìnbó ni. Damaris aládùúgbò mi ti orí bọ inú rẹ̀, ó rí ahọ́n irin mélòó kan níbẹ̀, ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa èkùrọ́ ni. Inú mi dùn! A da agbọ̀n èkùrọ́ rẹ̀ sí i, a fọwọ́ yí i títí òógùn bò wá. Kò sí ẹyọ kan tó fọ́. Epo Bàbá Òkè àti ìpẹtà ti kùn wọ́n, wọ́n pọ́n bí ìyàwó tó kun osùn.

"Àṣàbí, ọkọ rẹ ra ẹ̀rọ tó ń ṣe èkùrọ́ lóge," Damaris ní.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ilé ni mo wọ̀ lọ sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà, Damaris sáré ti Ẹ̀jìgbò bọ̀, ó fà mí lọ́wọ́ padà síbẹ̀, níbi tí ìjọ wọn ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Ẹ̀gbọ́n irin mi ni mo bá níbẹ̀, ó kun ọ̀dà, ẹ́ńjìnnì ń yí i, ó ń pariwo. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n da sìmẹ́ńtì, wọ́n bu omi sí i.

"Kí lẹ ń pe èyí?" mo bi bíríkìlà kan.

"Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ni, Màmá. Àwa náà ò lò ó rí tẹ́lẹ̀, ṣọ́bìrì la mọ̀. Ẹni tó bá ní in ti fẹ́ kọ́lé ńlá."

Ilé! Mo fò sókè. Ọkọ mi kì í ṣe wèrè, ilé ló fẹ́ kọ́ fún wa! Mo ń jó lọ́wọ́ ni lébìrà kan gbé agbada yanrìn kọjá níwájú mi, ó dà á sí ẹnu ẹ̀rọ náà. Ẹsẹ̀ mi dúró.

Nígbà tí mo délé, Bàbá Sàídátù àti ẹni tó ń ra ajákù irin ti wà nídìí àgbá náà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ ohun tí mo rí.

"Ẹ ránṣẹ́ sí Ola," mo ní. "Ẹ sọ fún wọn pé orí ọkọ mi pé."

Bàbá Sàídátù wo irin náà, wọ́n wò mí. "Ìyàwó, bó bá jẹ́ ilé ló fẹ́ kọ́, kí ló dé tí kò kó nǹkan ìkọ́lé kankan jọ?"

"Ó kó o jọ, Bàbá Sàídátù," mo ní. "Òun la bù bo sàréè rẹ̀."