Ẹ Dán An Wò Lára Tèmi

Àádọ́ta ọdún ni ìyá aránṣọ kan fi ń fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara rẹ̀, nítorí náà ìrora kò já a láyà. Ohun tó ń bí i nínú ni awọ apá rẹ̀ tó ti fẹ́lẹ́ bíi bébà: bó bá ṣèèṣì fara gbún ilẹ̀kùn, ó bó nìyẹn, egbò ọ̀hún á sì gbé níbẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Nígbà tó gbọ́ pé ilé ìwádìí kan ń wá àwọn tí wọ́n máa fi oje kòkòrò dán awọ wọn wò, ó ní kí àkọ́bí òun fi ọkọ̀ gbé òun lọ.

Obìnrin olùwádìí tí wọ́n bá níbẹ̀ kò fi nǹkan kan pa mọ́. Oró ni oje náà. Bó bá kán síni lápá lẹ́ẹ̀kan péré, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìléròrò á ti yọ. Inú omi ìléròrò yẹn ni wọ́n ti fẹ́ wo ìdí tí egbò arúgbó fi ń pẹ́ kó tó jinná, kí wọ́n lè ṣe òògùn rẹ̀.

"Apá rè é," ni ìyá wí.

"Ẹ má bínú, Màmá. A kì í gba ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọ̀gá wa ní ó léwu."

"Ẹ ń wádìí awọ arúgbó, ẹ tún ń lé arúgbó. Ṣé lára ọmọ ìkókó lẹ ti fẹ́ rí i ni?"

Àkọ́bí rẹ̀ fà á láṣọ. "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ìwọ lo ni ọkọ̀. Èmi ni mo ni awọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá fúnra rẹ̀ jáde. Ìyá ká apá aṣọ sókè.

"Òògùn tí ẹ ò dán wò lára irú wa, ta lẹ fẹ́ kó lò ó?"

Ọ̀gá wo apá náà títí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n yí òfin padà.

Ìléròrò yọ lóòótọ́, ó tóbi tó bọ́tìnnì kóòtù, ó sì ta á dọ́kàn. Ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dán an wò lára wọn gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Tirẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

"Mo sọ fún yín pé kò ní tètè jinná," ni àkọ́bí rẹ̀ wí.

"O sọ ọ́. Àwọn ni wọn ò tíì mọ̀, èmi ni mo wá kọ́ wọn."

Nígbà tó padà lọ fún àyẹ̀wò ìkẹyìn, kò dá lọ. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dání. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti ká apá aṣọ sókè láti ẹnu ọ̀nà.