Èémí Lára Òkúta

"Ẹ ṣí omi! Ẹ ṣí omi kíá, ọkọ̀ ẹni ìjọba ti dé ìkóríta!"

Ọ̀gá wa ló ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan sáré lọ yí ẹnu páìpù. Páìpù náà kọ́kọ́ kùn, ó pọ omi dúdú jáde, lẹ́yìn náà ni omi gidi wá ń kán tó, tó, tó sórí ẹ̀rọ ìlọkúta. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n kò rí i kí omi páìpù kán sórí ẹ̀rọ yẹn rí. Eruku tó ti dì sára rẹ̀ di ẹrẹ̀ lójú gbogbo wa.

Wọ́n pín ìbòmú fún wa, inú ọ̀rá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ wọ́n. Aláròyé, ẹni tó máa ń fi iná jó fàdákà pọ̀, dorí tirẹ̀ kodò, ó wá ń bi mí bóyá ó yẹ òun. Mo ní ó yẹ ẹ́ gan-an, ó dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n dì lẹ́nu. Kì í ṣe pé inú mi dùn. Ẹnu mi máa ń yá bí àyà mi bá ń já ni, àyà mi sì ń já lọ́jọ́ náà, torí èmi gan-an ni mo lọ fẹjọ́ sun ìjọba, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

"Ìwọ," Ọ̀gá nàka sí ọkọ mi, "bọ́ sí sítọ́ọ̀. Lọ sinmi díẹ̀. Bí ikọ́ bá fẹ́ gbé ọ, gbé e mì."

"Ẹ ṣé, sà," ni ọkọ mi wí.

Ó dúpẹ́ o! Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó wọ àárín àwọn páálí lọ. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì ní kí Aláròyé lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ kó ṣe bí ẹni pé òun ló ni ín.

Pẹ́ńdáńtì fàdákà là ń ṣe, irú èyí tí àwọn olówó máa ń so mọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn, tí òkúta aláràbarà máa ń wà láàárín rẹ̀. Ọkọ mi ló ń lọ òkúta náà. Á lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi kékeré kan, á máa yí i lára ẹ̀rọ títí ìdí rẹ̀ á fi tẹ́jú, tí orí rẹ̀ á sì yọ roboto bí ìdajì ẹyin. Èmi ni mo ń gbé e sínú fàdákà. Fàdákà tín-ín-rín kan máa ń yí òkúta ká bí ètè. Irin dídán ni mo fi ń tẹ ètè náà lé e, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, títí yóò fi dì í mú ṣinṣin.

Kí òkúta tó kúrò lọ́wọ́ ọkọ mi, ó gbọ́dọ̀ mí sí i. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Èémí á bo ojú òkúta bí ìrì, bí ibì kan bá sì ha lára rẹ̀, ìlà náà á yọ kí ìrì tó gbẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa mí, haa, òkúta á funfun pátá. Á tún wá mí sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. "Jẹ́ n wò bóyá ibì kan ha lára ìwọ náà." Aláwàdà ni. Nígbà tó yá, ìrì náà ò ju ìdajì òkúta lọ mọ́. Nígbà tó tún ṣe, ó kù bíńtín, bí ẹ̀kán omi, òkúta wá ń dé ọ̀dọ̀ mi tòun ti ìlà tí kò rí. Mo kọ́kọ́ ń dá wọn padà. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́, mo ń fi aṣọ dán wọn fúnra mi.

Dókítà ya fọ́tò àyà rẹ̀, ó sì bá wa sọ ọ́ láìfi bò. Ó ní, "Eruku òkúta ti dì sí i láyà. Èyí tó ti wọlé kò ní í jáde mọ́. Bó bá kúrò nídìí eruku báyìí, àyà tó kù lè gbé e dọ́jọ́ ogbó. Bí kò bá kúrò, màmá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún yín."

Ká kúrò, ká lọ síbo? Ẹ̀yìn ibiṣẹ́ ni yàrá wa wà, Ọ̀gá ló ni ín, ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ti filé sílẹ̀. Omi ló ń pa eruku, mo wá bẹ Ọ̀gá pé kó ṣí omi. Ó ní omi ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, pé ẹni tó bá ń fi omi lọ òkúta á máa dúró nu ún ṣáá kó tó rí ibi tó dé. Mo lu ihò sí agolo kan nídìí, mo rọ omi sí i, mo so ó kọ́ sókè ẹ̀rọ kó máa kán. Ó já a dànù. "Ìgbà wo lo di dókítà?" Ọkọ mi alára ní kí n fi í sílẹ̀, pé òun ò ní í pẹ́ níbẹ̀, kóun kàn rí ibi dúró sí ni. Ara mi ò gbà á. N kò lè jókòó, n kò lè jẹun, ni mo bá gba ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ibiṣẹ́ lọ. Wọ́n ní àwọn á wá. Wọ́n sì wá lóòótọ́, àmọ́ Ọ̀gá ni wọ́n kọ́kọ́ pè láti sọ fún un pé àwọn ń bọ̀.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni wọ́n rán wá. Ohùn rẹ̀ tutù, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́." Ó fìka nu ojú fèrèsé, ó wo ìka náà. Ọkàn mi fò sókè. Mo ní, ọpẹ́ o, ẹni yìí mọ ohun tó ń ṣe.

"Ta ní ń lọ òkúta níbí?"

"Èmi ni, sà!" Aláròyé dáhùn lábẹ́ ìbòmú. Ó di òkúta mú bí ẹni di ọṣẹ mú, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rọ gba èékánná rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ?"

"Ó pẹ́ gan-an, sà. Wọ́n bí mi sí i ni."

Ẹnì kan fi ikọ́ èké bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀, Ọ̀gá sì wò ó bí ẹni fẹ́ gbé e jẹ. Kíá ló gbé àwo pẹ́ńdáńtì síwájú àlejò rẹ̀.

"Èyí aláwọ̀ ojú ọ̀run yìí ni àwọn oníbàárà mi ń jà sí, sà. Òkúta yìí ń tú àyà. Ẹni tí èémí rẹ̀ ò bá já gaara, bó bá ti so ó mọ́ àyà báyìí, ó bùṣe."

"Ìyàwó mi máa ń sọ pé àyà ń fún òun," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ ò wá rí nǹkan! Ọlọ́run ló rán yín wá." Ọ̀gá kọjú sí mi. "Ìyàwó, bá wa tètè parí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn fún màdáámú."

Òkúta tí ọkọ mi lọ̀ kẹ́yìn ló wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ ètè fàdákà lé e, lókè, nísàlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún, lósì. Mo fa ìbòmú sísàlẹ̀, mo gbé e sẹ́nu, mo mí sí i. Ìlà kan yọ gbọọrọ láàárín ìrì náà, láti etí kan dé èkejì. Èémí ọkọ mi ni kò gbé e débi tí yóò fi rí i.

Mo gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, òkúta yìí ò tíì parí. Ibì kan ha lójú ẹ̀. Ẹni tó lọ̀ ọ́ ló máa parí ẹ̀."

"Ó dáa." Ó na ọwọ́ sí Aláròyé. "Fún un."

"Kì í ṣe òun. Ọkọ mi ni. Inú sítọ́ọ̀ yẹn ni wọ́n tì í mọ́ kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ikọ́ ẹ̀. Omi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ẹ̀yin ni wọ́n ṣí i dè. Dókítà ní eruku ibí yìí máa pa á bí kò bá kúrò nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn."

Mo sọ ọ́! Ọ̀gá fi ẹ̀rín sẹ́nu. "Ẹ má dá a lóhùn, sà, obìnrin yìí máa ń…"

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ikọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, ikọ́ tó ń ha lọ́fun, ó ń lọ, ó ń lọ, kò lójú ìdúró. Páálí kan wó lulẹ̀ nínú sítọ́ọ̀. Aláròyé fa ìbòmú rẹ̀ kúrò, ó dorí kodò. Adití pàápàá ì bá mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ tó fi ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó mú pẹ́ńdáńtì náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Irú ẹ̀wọ̀n wo ló máa bá a mu?" ló bi Ọ̀gá.

"Tín-ín-rín ló dáa, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ mú un ní ọ́fíìsì mi."

Wọ́n jáde lọ. Nígbà tí a rí kọ́kọ́rọ́ gbà, a bá ọkọ mi lórí àpótí rẹ̀ tòun ti fìlà rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti kì í bọ ẹnu láti fi dí ikọ́ náà, ó sì ti gé e jẹ. Mo rò pé á dì mọ́ mi. Nígbà tó rí èémí mí, ohun tó sọ ni pé, "O fẹ́ kí wọ́n lé wa síta ni? Ó kù díẹ̀ kí n gbé e mì."

Inú bí mi, ó bí mi gan-an ni. "Ilé lò ń dáàbò bò, o ò dáàbò bo ara ẹ!" Ni òun náà bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Ọ̀gá ò lé wa. Ì bá lé wa, ì bá sàn. Lọ́jọ́ kejì ó dúró láàárín wa, ó ní, "Ṣé ìjọba wá àbí wọn ò wá? Wọ́n ní ibiṣẹ́ mi mọ́ ju ọsibítù lọ. Èmi ò bínú sẹ́nì kankan o." Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti omi pa, ó gba àwọn ìbòmú padà sínú ọ̀rá wọn. Ọkọ mi sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Òjò ọdún yẹn ò tíì dá tán tí a fi sin ín.

Ọ̀gá ò jẹ́ kí nǹkan kan wọ́n wa níbi òkú náà. Ó gbé àga wá, ó gbé oúnjẹ wá, àwọn èèyàn ń sọ pé ọ̀gá bíi tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lójú gbogbo ẹbí ló so pẹ́ńdáńtì aláwọ̀ ojú ọ̀run kan mọ́ mi lọ́rùn. "Ó ń tú àyà," ló wí. Ó ní yàrá náà ṣì jẹ́ tèmi. Ó ní àpótí ìjókòó ọkọ mi pàápàá kò ní í kúrò nínú ẹbí, kí àbúrò rẹ̀ wá máa bá iṣẹ́ lọ.

Àbúrò náà ni mo ń pè ní Òpéléńgé. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tí mo délé wọn ní ìyàwó, torí ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fẹ́ gbéyàwó, kò ríṣẹ́. Bí Ọ̀gá ṣe sọ̀rọ̀ tán, Òpéléńgé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyá ọkọ mi náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúrà fún Ọ̀gá. Mo ní, "Rárá o." Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, kí wọ́n mú mi wọlé.

Mo fa ọmọkùnrin náà sí kọ̀rọ̀. Mo sọ fún un bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, n kò fi ohunkóhun pamọ́.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò mà ṣe yín ní nǹkan."

"Mo jìnnà sí ẹ̀rọ!"

"Mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Kí n kàn rí ibi dúró sí ni."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo wá agolo mi jáde, mo rọ omi kún un, mo so ó kọ́ sókè ẹ̀rọ, kó tó di pé Ọ̀gá dé. Òpéléńgé rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ó lọ òkúta díẹ̀, ó dúró, ó nu ún, ó wò ó. Ó tún lọ̀ ọ́, ó tún nu ún. Iye òkúta tí èèyàn bá lọ̀ ni wọ́n fi ń sanwó fún un, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dìde, ó já agolo náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e síbi ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Omi yìí ń fa ọwọ́ mi sẹ́yìn."

Eruku dìde. Kó tó di ọ̀sán ó ti funfun lójú, dé ìpéǹpéjú. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn nígbà tó gbé òkúta tó kọ́kọ́ parí wá fún mi. "Ẹ wò ó o!" Ó gbé e sẹ́nu, ó mí sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, haa. Òkúta náà funfun pátá, láti etí dé etí. Kò sí ìlà kankan lójú rẹ̀.

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa," ni mo wí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń wò ó títí ìrì náà fi gbẹ.