Ìbéèrè Tí Wọ́n Fi Dí Kànga Òkè-Ìlá

Ọlámipọ̀sí ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ sójú Fesibúùkù fún Ọnọ́rébù Ọlálérè. Èkó ni Ọnọ́rébù ń gbé. Àfi ọjọ́ ọdún ìlú tàbí àsìkò ìbò la tó ń rí i ní Ìlá, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dé orí fóònù wa. Ọmọbìnrin yìí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló ń jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Ìlá, tó ń ṣa ọ̀rọ̀ tó máa ta ènìyàn lára. Ó mọ̀ ọ́n kọ. Bí Ọnọ́rébù bá sọ ohun kan ṣákálá, Ọlámipọ̀sí á kọ ọ́ títí tí àwọn ọlọ́kadà á fi máa tìtorí rẹ̀ di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú.

Nígbà òjò ni onígbáméjì wọ Ọ̀rà, ìlú tó wà nítòsí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbẹ́ gbuuru lásán. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti sin àwọn ènìyàn, àrùn náà sì ti dé Òkè-Ìlá, ìlú kejì sí Ìlá. Ìjọba ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa da oògùn apakòkòrò sínú àwọn kànga. Ẹgbẹ́ tí Ọnọ́rébù ń bá du ipò ló wà nínú ìjọba, ìbò sì ti sún mọ́lé.

Ọnọ́rébù pe Ọlámipọ̀sí. Ó ní òun ò fẹ́ irọ́ kankan. “Má sọ pé májèlé ni. Béèrè ni kí o béèrè. Wọn kì í mú ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀.”

Ọlámipọ̀sí wá àwòrán ọkùnrin kan tó fi aṣọ bo imú, tó bẹ̀rẹ̀ sórí kànga. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Kí ni wọ́n ń dà sínú omi wa? Kí ló dé tó jẹ́ àdúgbò tí kò dìbò fún wọn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ?”

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan fi kún un pé ewúrẹ́ kan mu omi ọ̀hún, ó kú. Ẹlòmíràn ń sunkún nínú ohùn tó gbà sílẹ̀ sórí Wásáàpù, ó ní ọmọ òun náà mu ún, ó sì kú. Orúkọ Ọnọ́rébù wà lára gbogbo rẹ̀, kò sì sọ pé òun kọ́ ló wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, agbẹnusọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fèsì. Ó ní ẹran ni àwọn tó ń tẹ̀ lé Ọlálérè, kí ẹni tó bá wù ú láti kú máa kú lọ. Àwọn tí kò tíì gba ti májèlé gbọ́ tẹ́lẹ̀, èébú yìí ló mú wọn gbà á. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n da oògùn sí kànga rẹ̀, wọ́n ti mọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe.

Màmá Zipporah ni ẹ̀gbọ́n ìyá Ọlámipọ̀sí, òun ló tọ́ ọ dàgbà ní Òkè-Ìlá. Kànga inú ọgbà rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pọn. Nígbà tí Elizabeth, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ kan náà, gbé oògùn wá, Màmá jókòó sórí ìdérí kànga, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa òun. Elizabeth pe Ọlámipọ̀sí, ó bẹ̀ ẹ́ kó wá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọlámipọ̀sí gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ó bá àwọn ọkùnrin méjì tí kò mọ̀ rí lẹ́bàá kànga náà, àdá wà lẹ́sẹ̀ wọn. Màmá ní wọ́n ń bá àwọn ṣọ́ ọ ni. Ọlámipọ̀sí fà á wọ yàrá.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n da oògùn náà sí i. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò rí nǹkan kan, mi ò mọ nǹkan kan. Mo kàn kọ ọ́ ni.”

Màmá wò ó títí. Kò bínú. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe é.

“Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, mà.”

“Wọ́n ti dẹ́rù bà ọ́. Ọnọ́rébù ti sọ fún wa pé àwọn ọmọ tiwa gan-an ni wọ́n máa rán sí wa.”

Òótọ́ ni Ọnọ́rébù sọ bẹ́ẹ̀. Ọlámipọ̀sí ló bá a kọ ìyẹn náà, lánàá.

Màmá bu omi fún un. Ó gba ife náà, kò lè gbé e dé ẹnu. Màmá rí i, ó sì gbójú kúrò lára rẹ̀.

Orí ọ̀kadà ló ti pe Ọnọ́rébù pé kí àwọn pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ọnọ́rébù rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kó lọ sinmi. Nígbà tó fi dé Ìlá, ojú ìwé Fesibúùkù Ọnọ́rébù kò gbà á láyè láti kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun ń jáde níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́ ti mọ bó ṣe máa ń kọ ọ́. Òun alára ì bá rò pé òun ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn ò rí Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Elizabeth lọ wò ó, ó bá a nílẹ̀, ojú ti wọnú. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí Elizabeth ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì pe Ọlámipọ̀sí. Ó ti pẹ́ jù. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ Ọlámipọ̀sí nígbà tó dákẹ́.

Wọn ò tíì sin ín tí àwòrán rẹ̀ fi jáde lójú ìwé Ọnọ́rébù: “Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé sọ́dọ̀ wọn. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde.” Ọlámipọ̀sí kọ ọ́ sójú ìwé tirẹ̀ pé irọ́ ni, pé gbígbé ni wọ́n gbé e, pé omi kànga ló pa á. Wọ́n bú u, wọ́n ní ó ti ta ìyá tó tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan gbé àwòrán Elizabeth jáde, àti ti ilé rẹ̀. Elizabeth wò ó lórí fóònù. Ó ní òun lọ́mọ nílé. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó sì kúrò nílùú. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ọlámipọ̀sí lọ sí ilé ìwòsàn náà láti mú ìró Màmá tó kù sí yàrá. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ yípadà ni ọ̀kadà kan dé, obìnrin kan wà láàárín ẹni tó ń wà á àti ọkọ rẹ̀, orí rẹ̀ ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ náà béèrè nọ́ọ̀sì. Ọlámipọ̀sí ní ó ti lọ, kí wọ́n tètè máa gbé obìnrin náà lọ sí Ìlá.

“Ó ti sá?” Ọkùnrin náà tún aṣọ bo ìyàwó rẹ̀. “A jẹ́ pé òótọ́ lohun tí wọ́n ń sọ.”

Ọlámipọ̀sí di ọwọ́ ọ̀kadà náà mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà rọra já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní kí ọlọ́kadà yí i padà, kó máa gbé àwọn lọ sílé.