Kọ̀ǹpútà Tó Dijú

Ahun ni mí. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè rẹ́rìn-ín, Mùnírù àbúrò mi ti rín in tó. Nílé mi, a kì í tan àtùpà kí òòrùn tó wọ̀, a kì í sì í ṣá ìṣáná méjì síná kan. Nítorí náà, nígbà tí ibùdó ìwádìí tí mo ti ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ta àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù wọn fún òṣìṣẹ́ lọ́dún 1996, ó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu pé èmi Alimat ra ọ̀kan, mo sì gbé e lọ sí Erunmu, níbi tí iná kì í ti í pẹ́ kó tó lọ.

Ìyá mi ni mo torí wọn rà á. Hàjàrá lorúkọ wọn. Ojú wọn ti ń ṣókùnkùn láti bí ọdún mẹ́ta, mo sì ti kó padà sílé láti máa tọ́jú wọn. Mo ní mo fẹ́ kọ ìtàn ayé wọn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ-ọmọ lè rí i kà. Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń dúró dè lẹ́nu wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, wọ́n di aṣọ mi, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí wọn ní Olódò, wọ́n sì fi mí síbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò, mi ò rí wọn sójú lẹ́ẹ̀kan. Mùnírù tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀dọ̀ wọn ló dàgbà sí. Mo ti pé ogójì ọdún, ó ṣì ń dùn mí, ẹnu mi ò sì gbà á láti bi wọ́n ní ìdí rẹ̀.

Mùnírù ló yanjú ọ̀rọ̀ iná. Ó ń fi iná sí bátìrì àwọn onímọ́tò ní Olódò. Ó fi ọ̀kadà gbé bátìrì lọ́rì kan wá, pẹ̀lú àpótí irin kékeré tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí kọ̀ǹpútà ń lò.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "wákàtí méjì péré ni yóò gbé e. Gíláàsì ojú rẹ̀ yìí ló jẹun jù. Òun nìkan ń jẹ ìdajì."

"Tí mo bá pa gíláàsì ńkọ́?"

"Kí lẹ óò wá máa wò?"

"Ta ló fẹ́ wo nǹkan? Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń tẹ̀wé."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ wákàtí méjì di mẹ́rin, mo sì ń ṣọ́ ọ lò ní wákàtí kan lójúmọ́.

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí a kírun Àsárì tán, ìyá mi á jókòó sórí ẹní, èmi á jókòó ti kọ̀ǹpútà tó dijú. Iná kékeré kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nìkan ló ń fi hàn pé ó wà láàyè. Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan á máa gba ojú fèrèsé wọlé.

"Alimat, ṣé ò ń rí ohun tí ò ń kọ?"

"Rárá, Ìyá."

"Àwa méjèèjì wá dọ́gba."

Wọ́n á wá máa sọ̀rọ̀ oko kòkó bàbá wọn, odò tí wọ́n ti ń pọnmi, òtútù ọyẹ́ ayé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ ń gba etí mi wọlé, ó ń gba ìka mi jáde. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ń rìn lórí ewé kòkó gbígbẹ, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa ń gbé dísìkì lọ sí ọ́fíìsì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, torí mi ò san kọ́bọ̀ fún iná ibẹ̀.

Lọ́jọ́rú kan òjò ń rọ̀, ó sì ti rẹ̀ mí. Ohùn ìyá mi ń jìnnà lọ. Mo rí ara mi lọ́mọdé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, mo ń fo okùn, obìnrin kan tó ró aṣọ àdìrẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ń wò mí. Nígbà tí mo ta jí, ìyá mi ti dákẹ́, ìka mi ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Ojú tì mí. Mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sùn. Mo fi iṣẹ́ náà pamọ́, mo lọ dáná.

Ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, mo kí ìyá mi, wọn ò dáhùn. Apá òsì wọn ti kú, ohùn ti lọ. A lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé ìwòsàn kí a tó gbé wọn padà wálé, ohùn ò bá wa wálé. Mo sunkún nítorí wọn. Kí n má purọ́, mo sunkún nítorí ara mi pẹ̀lú.

Ìgbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni mo tó tẹ iṣẹ́ ọjọ́rú náà jáde. Wótowòto ni. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni *s;o,sy*. Ǹ bá ju bébà náà nù, àmọ́ ahun ni mí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́. Mo mú un wálé.

Mo gbé e ka iwájú kọ̀ǹpútà tó ti kú fin-in. Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì láti mọ ibi tí mo ti ṣì í tẹ̀, mo ń wá *s*. Ojú mi bọ́ sára bọ́tìnnì tó wà lápá òsì rẹ̀: *a*. Èyí tó wà lápá òsì àmì kejì: *l*. Ọwọ́ mi ti sún sápá ọ̀tún ní bọ́tìnnì kan nígbà tí mo sùn. Mo kà á lọ: Alimat.

Láìlo iná rárá, mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

"Alimat, o ti sùn. Mo gbọ́ bí o ṣe ń mí. Àmọ́ ìka rẹ ò sùn, ó ṣì ń sáré. Ó dáa, ìka rẹ ni n óò bá sọ ọ́, torí ojú rẹ ń tì mí. Ọmọ mẹ́ta ni ìgbóná pa mọ́ mi lọ́wọ́ nínú yàrá yìí. Ìwọ lo kù. Mo gbé ọ sá ni. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń fẹsẹ̀ rìn wá sí Olódò, màá dúró lẹ́yìn oníẹ̀pà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ilé ẹ̀kọ́ rẹ, màá máa wò ọ́ títí agogo á fi lù. Mi ò pè ọ́. Tí o bá rí mi, wàá tẹ̀lé mi wálé. Nígbà tí àwọn tó ń bu èèyàn lápá nítorí ìgbóná fi dé, tí mo bí Mùnírù, o ti ń pe àǹtí mi ní ìyá. Mi ò wá mọ bí mo ṣe máa gbà ọ́ padà."

Mo tan kọ̀ǹpútà. Mo tan gíláàsì náà. Mo jókòó ti ìyá mi lórí ẹní, mo gbé pátákó bọ́tìnnì lé itan, mo ń tún ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀, mo ń kà á sókè. Ìmọ́lẹ̀ bo ojú wọn. Wọ́n yíjú sí i.

Mùnírù yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbàgbé gíláàsì sílẹ̀ o! Bátìrì ń tán lọ!"

Ìyá mi ti na ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n ń fi ìka tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀.

"Jẹ́ kó tán," mo ní.