Kọnkéré Tí Bàbá Beatrice Dà

Kí ló dé tí mo fi sọ pé kò fọ́? Ta ló tiẹ̀ ní kí n... Mo kàn fẹ́ dá màmá lóhùn ni. Beatrice lorúkọ màmá yẹn, aládùúgbò mi, ọmọ Faransé tó ti ń gbé àdúgbò Alibon níbí kí èmi tó mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Mi ò gbọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ láti àárọ̀.

Ìrìn àjò ìjọ wa ni mo ń ròyìn fún un lánàá. Pé a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Faransé, pé àgbẹ̀ kan yọ̀ǹda pápá rẹ̀ fún wa láti gbàdúrà, kọnkéré gbọọrọ láàárín koríko. Pápá ọkọ̀ òfurufú ni tẹ́lẹ̀. Àwọn Jámánì ló ṣe é nígbà ogun, nígbà tí wọ́n gba Faransé, tí wọ́n ń pàṣẹ níbẹ̀. Mo dárúkọ abúlé náà. Màmá gbé ife tíì sílẹ̀.

"Ṣé kò tíì fọ́?"

Èmi náà — ẹnu mi yìí — mo ní kò fọ́ rárá, mà. Mo ní a bọ́ bàtà bí àṣà wa, mo yí gbirigbiri nílẹ̀ fún ọpẹ́, nǹkan kan ò gún mi. Mo tún fi kún un pé ìyàwó bíríkìlà ni mí, mo mọ kọnkéré tó dáa. Mo ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá sọ ọ́, wẹ́rẹ́: "Bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n fipá mú láti da kọnkéré yẹn. Ìyá mi ní ó ń bu iyanrìn kún un ju bó ṣe yẹ lọ ní kọ̀rọ̀, kó lè fọ́ lábẹ́ ọkọ̀ wọn. Ibẹ̀ ló kú sí."

Háà. Ọmọdé jòjòló ni nígbà náà. Nǹkan kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa bàbá tó bí i... èmi sì wá sọ ọ́ di irọ́.

Mo lè padà lọ. Kí n ní mo gbàgbé, pé ó sán lápá kan. Ibi tá a gbá nìkan la ṣáà lò, àbí? Koríko ti bo ìyókù. Bóyá ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún... Mi ò wo ọ̀hún. Irọ́ á hàn lójú mi. Kí ni kí n wá ṣe — kí n gbé mọ́ínmọ́ín lọ, kí n máa pè é ní oúnjẹ lásán, nígbà tó jẹ́ ẹ̀bẹ̀?

Dúró ná. Ó béèrè kó tó sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ìbéèrè ló kọ́kọ́... Bí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ bá dá a lójú ni, kí ló ń béèrè sí? Ó ti ń ṣiyèméjì. Láti ìgbà wo, Olúwa? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀ ló ń wá, ẹni tí kò mọ èsì tó wù ú láti gbọ́, kó lè sọ òótọ́ fún un.

Èmi ló rí.