Ènìyàn Mẹ́wàá fún Òfin Ilẹ̀

"Jókòó, ọmọ mi," ni Heather wí. "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró."

Moelagi jókòó. Ó ti rò pé bóyá wọ́n tún fẹ́ kó fọwọ́ sí nǹkan ni, nítorí ìjọba Amẹ́ríkà tó ń yá a lówó ilé ìwé fẹ́ràn ìfọwọ́sí bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí tó ti ń kọ́ ìmọ̀ wíwọn ilẹ̀ ní yunifásítì ní Auckland ní New Zealand, sáà tó kẹ́yìn ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Heather ló ń bójú tó owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Amẹ́ríkà ń yá lówó, kò sì tíì pè é sí ọ́fíìsì rí fún ohun tí kì í ṣe ìròyìn ayọ̀.

Heather yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Òfin Ilẹ̀. Èwo lo mú níbẹ̀, ti inú kíláàsì àbí ti orí ẹ̀rọ?"

"Ti orí ẹ̀rọ ni, mà. Gbogbo wa la mú un. Ta ló fẹ́ jí ní kùtùkùtù Mọ́ńdè?"

Heather mí kanlẹ̀. "Àwọn tí ò ń pè ní gbogbo wa yẹn, ìjọba ibí ló ń yá wọn lówó. Ìwọ, Amẹ́ríkà ni. Àwọn yẹn ò sì fẹ́ gbọ́ rárá pé ẹni tí àwọn yá lówó láti kàwé nílẹ̀ òkèèrè ń kà á lórí ẹ̀rọ. Wọn ò ní í san kọ́bọ̀."

"Nítorí kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo?"

"Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó láti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé."

Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Moelagi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú bàálù tó gbé e wá láti Pago Pago, ní erékùṣù wọn tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà ni, sálúbàtà ló wọ̀ nínú òtútù Auckland, ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni etí rẹ̀ ń wá. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn kí wọ́n máa fi fóònù gbọ́ Òfin Ilẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè. Òun ṣe ohun tí wọ́n ṣe, ó sì dáràn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yí i padà sí ti kíláàsì."

"Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ènìyàn méjì péré ló mú ti kíláàsì. Tí kò bá pé mẹ́wàá, yunifásítì á pa á rẹ́. Fúráìdè yìí ni wọ́n ń ti ìforúkọsílẹ̀."

Moelagi wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè fo Òfin Ilẹ̀, ẹni tí kò bá ṣe é kò lè di awọnlẹ̀. Kò sì lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, nítorí físà rẹ̀ máa tán, owó tí Amẹ́ríkà fẹ́ yá a náà sì ní òpin. Ó rántí bàbá rẹ̀ ní abúlé Leone, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ki ẹja sínú agolo. Bàbá náà ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè, pé ọmọ òun ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀ ìdílé, kí ìjà ààlà tó ti ń bẹ láti ayé bàbá òun lè parí. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú un, ìbẹ̀rù ló tẹ̀lé e.

"Tí mo bá rí ènìyàn mẹ́wàá ńkọ́?"

Heather fèsì pé, "O gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa kọ́ yín pẹ̀lú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Geddes ti gba ohùn ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó ti kó lọ sílé."

Moelagi bá Geddes nílé ní ọjọ́ kejì, nídìí òdòdó rẹ̀, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Àgbàlagbà tó rí tínrín ni, ojú rẹ̀ sì máa ń jọ ti ẹni tí wọ́n já oorun mọ́ lójú.

"Kí lo tún fẹ́ fi mí ṣe?" ló wí. "Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ló wà nínú fídíò yẹn. Èmi gan-an ò dùn ún wò tó fídíò náà."

"Sà, fídíò ò lè gbà mí lọ́wọ́ Amẹ́ríkà."

Ó ṣàlàyé fún un. Geddes fetí sílẹ̀, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. Nígbà tó ṣe, ó bú sẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. "Ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti ń bá ihò kékeré kan sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. N ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Kó ènìyàn mẹ́wàá wá, èmi náà á kó ara mi wá. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ olóorun."

Ilé Àǹtí Lupe ní àdúgbò Māngere ni Moelagi ń gbé. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni Àǹtí Lupe, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní New Zealand, ilé ìwòsàn ló ti ń ṣe ìmọ́tótó, òun náà ló sì ń darí kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tí Moelagi wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, àǹtí ń bó kókò ní kíṣìnnì.

"Ta ló kú?" ni àǹtí béèrè, kò tíì gbójú sókè tán.

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Ojú rẹ ò gbà bẹ́ẹ̀. Jókòó, sọ̀rọ̀."

Moelagi sọ ọ́. Àǹtí Lupe gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó mú fóònù. "Kò tó nǹkan. Mo máa pe ẹbí jọ. Sọ́ńdè yìí, lẹ́yìn oúnjẹ, gbogbo wọn á dá owó náà."

"Rárá, Àǹtí."

"Kí lo sọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹbí ò tíì mí. Ìsìnkú Bàbá Tavita ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ̀yin fúnra yín ò tíì ra àga tìmùtìmù tí ẹ ti ń fojú sọ́nà fún látọdún tó kọjá. N ò lè tún na ọwọ́."

"Ìwọ ọmọ àná yìí lo fẹ́ kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹbí? Nígbà tí bàbá ìyá rẹ kú, ta ló kó ẹní lọ síbi ìsìnkú? Èmi ni. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì Leone ń kan òrùlé, ta ló fi owó ránṣẹ́? Èmi ni. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tí nǹkan bá dé bá, àwọn tó kù á gbé wá."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n Àǹtí, owó kọ́ ni mo nílò. Amẹ́ríkà ti ṣe tán láti yá mi lówó. Èèyàn ni mo nílò. Èèyàn tó máa jókòó sórí àga."

Àǹtí Lupe gbé fóònù sílẹ̀. Ó wò ó bí ẹni pé ó ń gbọ́ èdè tuntun.

"Èèyàn?"

"Èèyàn, mà."

"Ẹ̀yin ọmọ Amẹ́ríkà, àní gbèsè yín náà yàtọ̀." Ó tún mú ọ̀bẹ. Ó bó kókò kan tán kó tó sọ̀rọ̀. "Bó bá jẹ́ èèyàn ni, èmi ni olórí kọ́áyà. Èèyàn wà lọ́wọ́ mi."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, orin ń lọ geerege ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Àǹtí Lupe ṣàdédé gbọ́wọ́ sókè. Orin dúró.

"Gbogbo ẹni tó bá wà ní yunifásítì Moelagi, ẹ bọ́ síwájú."

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ bọ́ síwájú. Wọ́n rò pé wọ́n ṣi orin kọ ni. Iosefo wà lára wọn, ìbátan Moelagi tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, tó ní ohùn dídùn tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

"Àǹtí, orin la wá kọ o, a ò wá jẹ́rìí," ni Iosefo wí. Ẹ̀rín sọ.

Moelagi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ó ní ẹni tó bá ṣì ní àyè fún kọ́ọ̀sì kan lè mú Òfin Ilẹ̀, ohun tí òun ń bẹ̀ wọ́n fún nìyẹn. Nígbà tó dé orí aago tí kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀, ariwo ta.

"Àárọ̀ Mọ́ńdè?" ni Iosefo wí. "Lẹ́yìn tí Àǹtí ti fi ewé kókò àti omi àgbọn rọ wá yó ní Sọ́ńdè? Ìwọ fẹ́ pa wá ni. Lọ sọ fún Amẹ́ríkà pé kí wọ́n ní sùúrù."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Inú bí Moelagi. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀bẹ̀ sì ti sú u.

"Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ilẹ̀ bàbá rẹ ní erékùṣù Savai'i, Iosefo, ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Níbi igi bẹrẹfúùtù."

"Igi wo? Èyí tí ìjì gbé lọ? Ibo ló parí sí?"

Moelagi yí ojú sí àwọn tó kù.

"Gbogbo wa là ń kọrin ilẹ̀ baba wa níbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, omijé á máa bọ́ lójú wa. Tí ẹnìkan bá ta á lọ́la, ta nínú wa ló mọ òfin tó máa fi gbà á padà? Èmi fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo ṣe tọrùn bọ gbèsè Amẹ́ríkà nìyẹn. N ò ní kí ẹ ṣàánú mi. Ẹ wá kọ́ ohun tó jẹ́ tiyín."

Àǹtí Lupe yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ekuru kó sí lójú.

"Àbúrò bàbá mi ti kọ́ ilé sórí tiwa," ni Iosefo wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Bàbá mi ò mọ ohun tó máa ṣe. Fi orúkọ mi sí i."

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro mọ́. Ọmọbìnrin kan ní òun náà ní àyè. Ọ̀kan ní ìyá òun máa ń sunkún tí wọ́n bá dárúkọ ilẹ̀. Àwọn méjì kò lè wá nítorí iṣẹ́ àárọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò tán, mẹ́fà ni ti kọ́áyà, méjì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Moelagi ṣìkẹsàn-án.

Ó ku ẹnìkan. Moelagi wá ẹni náà lọ títí. Ó bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní pẹ̀lẹ́, wọ́n sì bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ìkẹ́dùn ò ṣeé fi orúkọ sí kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀sán Fúráìdè, ó jókòó sí ọ́fíìsì Heather pẹ̀lú orúkọ mẹ́sàn-án. Heather ń wo aago láìfẹ́ kí ó rí i pé òun ń wò ó.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àǹtí Lupe wọlé nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, báàjì ilé ìwòsàn ṣì wà láyà rẹ̀.

"Ẹ káàsán o," ló wí fún Heather. "Ìwé ẹ̀rí wo lẹ máa ń béèrè kí ẹ tó gba èèyàn?"

Heather wo Moelagi, ó tún wo àǹtí. "Ṣé ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni yín?"

"Láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú."

"Ṣé ẹ ti pé ogún ọdún?"

Àǹtí Lupe rẹ́rìn-ín tó fi di ilẹ̀kùn mú. "Ìwọ obìnrin yìí, o ṣeun. Ọlọ́run á bù kún ọ."

"Mo gbọ́dọ̀ béèrè ni, mà. Ọmọ ilẹ̀ yìí tó bá ti pé ogún ọdún lè wọlé bí kò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí kankan. A máa ń gbà wọ́n."

"Àǹtí," ni Moelagi wí, "owó ilé ìwé ńkọ́?"

"Owó àga tìmùtìmù. Èyí tó wà nílé ṣì ń gba ìdí."

"Àǹtí, ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí mi."

"O ní owó kọ́ lo nílò, o ní èèyàn ni. Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

Moelagi bú sẹ́kún níbẹ̀, kò lè mú un mọ́ra. Heather gbé ìwé náà, ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ bá ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i, ó jọ pé obìnrin náà kò tíì sáré bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. Kíláàsì ti ṣí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Geddes so táì wá. Ó dúró níwájú, ó wo ojú kọ̀ọ̀kan, ó tún wò wọ́n, bí ẹni tó pàdé àwọn ará ilé rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sára pátákó: Ta ló ni ilẹ̀?

Iosefo wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan lọ sókè láàárín kíláàsì, ó lọ sókè ṣánṣán.

"Ẹ̀yin, mà?"

"Sà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan tó wà ní Savai'i ní òun ló ni ilẹ̀ wa níbẹ̀," ni Àǹtí Lupe wí. "Ó ní obìnrin tó ti lọ sí òkè òkun kò ní nǹkan kan mọ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Geddes kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan, ó jókòó sí iwájú rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀," ló wí. Kíláàsì náà kọjá àkókò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bí wọ́n ṣe ń jáde nínú kíláàsì ni fóònù Moelagi dún. Heather ni. Owó Amẹ́ríkà ti wọlé, gbogbo rẹ̀ pé, kò sí ohun tó tún lè dí i lọ́wọ́ mọ́ àfi ìwé rẹ̀ tó máa kà. Moelagi dúró lójú kan, ó pa ojú dé. Ìtàkùn tó ní kí erin má kọjá, tòun terin ni yóò lọ.

Ó sáré bá àǹtí rẹ̀ níta.

"Àǹtí, ó ti wọlé! Wọn ò lè pa kíláàsì náà mọ́. Títí di ọ̀la, ẹ ṣì lè yọ orúkọ yín, wọ́n á dá owó yín padà. Ẹ ti ṣe é fún mi tán."

Àǹtí Lupe gbé ìwé Òfin Ilẹ̀ mọ́ àyà.

"Inú mi dùn fún ọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ìwọ ti rí tìrẹ gbà. Èmi ò tíì gba tèmi."

Ó bọ́ síwájú, ó ń wo àwọn ilé gíga náà lọ́tùn-ún lósì.

"Wá fi ibi tí wọ́n ti ń yáni níwèé hàn mí."