Àbúrò Mi Bá Mi Jà

Ẹlẹ́nu Méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ń pe ògbufọ̀ náà. Ẹ̀fẹ̀ ni, kò sì bínú sí i. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó ga, bàtà pẹlẹbẹ ló máa ń wọ̀, kì í sì í sáré fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹnu méjì ni mo ní lóòótọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá irọ́ nínú ọ̀kan kí ẹ tó bú mi." Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbọ́ ohun tí àwọn ará wa bá sọ ní Yorùbá, kó gbé e fún adájọ́ ní èdè ìjọba, kó sì gbé ti adájọ́ padà fún wọn. Kì í bù kún un, kì í bù kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹjọ́ káfíńtà méjì ni wọ́n pè é sí, ọmọ ìyá kan náà. Gẹdú ni gbogbo àdúgbò mọ ẹ̀gbọ́n sí, nítorí ó fẹ̀ láyà bí igi gẹdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í yí padà. Àbúrò tín-ínrín, ẹnu rẹ̀ sì mú, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìṣó. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń lò: ẹ̀gbọ́n á wọn pákó, á fi ayùn rẹ́ ẹ, àbúrò á fá a kó dán, á kàn án. Ẹni tó bá ra àga lọ́wọ́ wọn kì í padà wá tún un ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni wọ́n bá Gẹdú nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nínú eruku pákó. Egungun àgbọ̀n rẹ̀ ti fọ́, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kán. Ìṣó kúnlẹ̀ tì í, ẹ̀jẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀, òòlù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn olè ló wọlé tí wọ́n fẹ́ kó irinṣẹ́ wọn, pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà sá lọ. Kò sẹ́ni tó rí olè kankan. Ohun tí àwọn aládùúgbò gbọ́ ni ariwo tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pa mọ́ra wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó pọ̀ débi pé ẹni tó ń ránṣọ lódìkejì ọ̀nà dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró láti gbọ́ ọ. Ọlọ́pàá tó dé gbé fóònù sí Gẹdú lẹ́nu, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló sọ kó tó dákú: "Àbúrò mi bá mi jà."

Ẹnì kan ní àgọ́ ọlọ́pàá tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àbúrò ló lu ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ti Ìṣó mọ́lé.

Nígbà tí wọ́n mú un wọ kóòtù, ìyàwó Gẹdú wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó gbé àpò lé itan. Ìṣó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ gbà mí gbọ́." Obìnrin náà kò wò ó.

"Ilé mi lo ti balágà," ó sọ. "Abọ́ tí ọkọ mi fi ń jẹun nìwọ náà fi ń jẹun. Má pè mí ní ìyàwó wa mọ́."

Ògbufọ̀ gbọ́ ọ. Iṣẹ́ kọ́ nìyẹn, kò túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tan ohùn náà. Ó dún gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, bí ohùn ẹni tó kó òkúta sẹ́nu. Adájọ́, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń fi ìka lu tábìlì, kọjú sí ògbufọ̀. "Kí ló sọ?"

"Olúwa mi, ẹ tún un tàn fún mi."

Wọ́n tún un tàn. Ó di ojú, ó gbọ́ ọ dé òpin, ó là á.

"Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí lè gbà. Ọ̀kan ni pé àbúrò òun kọjú ìjà sí òun. Èkejì ni pé àbúrò òun ran òun lọ́wọ́ nínú ìjà."

Kóòtù hó yee. Agbẹjọ́rò ìjọba, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tójú rẹ̀ mú, dìde. "Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe máa jẹ́ ọ̀tá, tó tún máa jẹ́ ọ̀rẹ́? Níbo ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ògbufọ̀ dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn sí i. "Jà ni gbòǹgbò rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ń lu ara wọn, wọ́n ń jà. Bí wọ́n bá ń pariwo mọ́ra wọn láì gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń jà náà. Ìjì tó ń ṣí òrùlé, ìjì ń jà ni. Àrùn tó ń pa ará ìlú, a ní ó ń jà, tó bá wá jà ká ilẹ̀, a pè é ní àjàkálẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, agbára tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó mú un ni. Inú jà la ti fa ìjà yọ. Ẹni tó bá wọ àárín ìjà, tó là á sí méjì, ó làjà. Ẹni tó bá gbè lẹ́yìn ẹnì kan nínú rẹ̀, ó gbèjà onítọ̀hún."

"Ìdílé ọ̀rọ̀ náà dára," adájọ́ sọ. "Ṣé ó lù ú ni àbí kò lù ú?"

"Mo ń bọ̀ níbẹ̀, Olúwa mi. Jà kọ́ ló ń dà wá láàmú níbí, bá ni. Bí mo bá bá yín jẹun, a jọ jẹun ni. Bí mo bá ní kí akọ̀wé bá mi gbé àpò, kó ràn mí lọ́wọ́ ni. Bí mo bá sì wá bá yín jà..."

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," adájọ́ sọ. Ẹ̀rín sọ nínú kóòtù. Ìṣó pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ibi tó wà.

"N kò ní purọ́ fún yín. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ẹnì kan bá ní ẹlòmíràn bá òun jà, wọ́n kojú ara wọn ni. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá ti wà nílẹ̀, tí mo wá ní ẹnì kan bá mi jà á, ó ràn mí lọ́wọ́ ni. A máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá wa ja ìjà wa, kì í ṣe pé a fẹ́ kó lù wá. Fáwẹ̀lì kékeré kan ló wà láàárín méjèèjì, jà àti jà á. Ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ ti fọ́ lè gbé fáwẹ̀lì náà mì."

"Èwo wá lẹ̀yin gbà gbọ́?" agbẹjọ́rò ìjọba bi í.

"Wọn kò gbà mí síṣẹ́ pé kí n gba nǹkan gbọ́. Wọ́n gbà mí pé kí n má fi ìtumọ̀ kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ṣì wà láyé. Ẹ jẹ́ ká bi í."

Ìròyìn sì ti dé láti ọsibítù pé Gẹdú ti lajú. Adájọ́ dá ìjókòó dúró, ó ní kí agbẹjọ́rò ìjọba, agbẹjọ́rò Ìṣó àti ògbufọ̀ lọ bá a níbẹ̀ lọ́gán. Ìyàwó Gẹdú tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n ti fi wáyà di eyín Gẹdú pọ̀ kí àgbọ̀n lè jinná, apá ọ̀tún rẹ̀ wà nínú símẹ́ǹtì tí wọ́n fi to egungun. Kò lè sọ̀rọ̀, kò lè kọ̀wé. Ojú nìkan ló wà láàyè ní orí rẹ̀, àti ọwọ́ òsì.

Agbẹjọ́rò ìjọba ní, "Ẹ bi í bóyá àbúrò rẹ̀ bá a jà."

Ògbufọ̀ mi orí. "Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ yẹn béèrè, tó bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, a ò tíì kúrò níbi tá a wà. Ẹ jẹ́ kí n la ìbéèrè náà sí méjì."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà rò ó. "Ó dáa. Ẹ là á."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìrọ́jú," ògbufọ̀ sọ. "Ṣé àbúrò yín lù yín?"

Gẹdú wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. Ó mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún títí nọ́ọ̀sì fi ní kó rọra.

"Ṣé ó gbèjà yín?"

Ó mi orí wálẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ wọnú báńdéèjì.

"Ti àárọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́? Ṣé ẹ jọ jà?"

Ó tún mi orí wálẹ̀, kò tijú rárá. Ó fi ọwọ́ òsì ṣe bí ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé, tó ń ṣí tó ń pa dé. Ìyàwó rẹ̀ ló túmọ̀ èyí. Ó ní Ìṣó fẹ́ kúrò lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ òun sì ti ń bínú láti ọjọ́ tó ti gbọ́.

"Ẹ bi í ohun kan sí i," agbẹjọ́rò ìjọba sọ pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Níbo ni àbúrò rẹ̀ dúró sí nígbà tí wọ́n wọlé?"

Ògbufọ̀ bi í. Gẹdú fọwọ́ lé àyà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ náà síwájú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ró bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó sì dá a dúró níbẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ló kọ́kọ́ pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé.

Wọ́n tú Ìṣó sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọlọ́pàá padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ka tó ń wo àmì ìka sì rí àmì ọwọ́ àjèjì lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, wọ́n mú ẹni tó ni ọwọ́ náà àti ẹnì kejì rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ìfági Gẹdú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tú Ìṣó sílẹ̀, ìyàwó Gẹdú dá ògbufọ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn ọsibítù. "Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn. Ẹ bá mi sọ fún un pé..."

"Èyí tó kù kò lógbufọ̀," ògbufọ̀ sọ. "Ẹnu tẹ́ ẹ fi lé e ni kẹ́ ẹ fi pè é."

Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀. Ìṣó wà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, ó wọ ẹ̀wù tó ti fi sùn látìmọ́lé, ó ń wo ilẹ̀. Ìyàwó Gẹdú dúró níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"O ti rù," ó sọ níkẹyìn. "Wá jẹun. Jọ̀ọ́."

"Ṣé kí n ṣì máa pè yín ní ìyàwó wa?"

"Kí lo tún fẹ́ máa pè mí? Ọmọ burúkú!" Ó ń sunkún, ó sì ń gbá a létí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìṣó kò tètè kó lọ. Òun nìkan ló ń dá ayùn àti ìfági ṣe títí wọ́n fi tú wáyà ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí símẹ́ǹtì sì kúrò lápá. Lẹ́yìn náà ló gba ṣọ́ọ̀bù lódìkejì ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ránṣọ. Gẹdú ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀ fún un, ó sì ń bú u ní gbogbo ìgbà tó fi ń kàn án.